Kò sí ògiri tó fọ́: kí ni ká pe àrá tí ọkọ̀ òfurufú ológun ń sán?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú akitiyan. Ẹnì kan béèrè ohun tí a ó máa pe ìró bí àrá tó máa ń dún nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ológun bá sáré ju ìró lọ. Ẹnì kan dá “ìfọ́-ògiri-ohùn” lábàá, ẹlòmíì ní “àrá ọkọ̀ òfurufú”. Mi ò gba èyíkéyìí, àmọ́ ti ẹnì kejì sún mọ́ ilé.

“Ohùn” kọ́kọ́. Ohun tó bá ń sọ̀rọ̀ ló ní ohùn. Ìdí nìyẹn tí ìlù fi ní in. Bọ́ǹbù, ìbọn àti ìkòkò tó já bọ́, ìró ni tiwọn.

Ògiri ńkọ́? Ọkọ̀ máa ń gbọ̀n rìrì bó bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n eré ìró, làwọn èèyàn fi rò pé nǹkan kan dínà níbẹ̀. Chuck Yeager, awakọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà, wa ọkọ̀ òfurufú Bell X-1 kọjá a ní October 14, 1947, lójú ọ̀run California, bíríkì kan ò já bọ́. Àti pé ohun tó bá fọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló ń fọ́. Àrá yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ó ń tẹ̀lé ọkọ̀ lọ bí ìgbì ṣe ń tẹ̀lé ọkọ̀ ojú omi, ìlú tó bá kàn ló ń gbọ́ tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Concorde, ọkọ̀ òfurufú akérò tó ń sáré ju ìró lọ, fi máa ń dúró dé orí òkun kó tó tẹ eré mọ́lẹ̀, kó tó di pé wọ́n dá a dúró lọ́dún 2003.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù rí irú rẹ̀ lọ́dún 1944. V-1, bọ́ǹbù tó ń fò tí Jámánì kọ́kọ́ ń rán sí wọn, ń kùn bọ̀ láti òkèèrè. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, kálukú á wá ibi forí pamọ́ sí. Ní September 8 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 bọ́ sí Chiswick, ládùúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí ń sáré ju ìró lọ: ó dé ná, ó bú gbàmù, ẹ̀yìn ìyẹn ni ìró bíbọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ta ló fẹ́ sá fún un?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo so okùn gígùn mọ́ igi, mo tú ṣóńṣó rẹ̀ wẹ́wẹ́, mo fi ń lé ewúrẹ́ ìyá mi. Tí mo bá jù ú síwájú tí mo sì fà á padà lójijì, á dún “tàì!” Kò kan ewúrẹ́, kò kan ilẹ̀. Ṣóńṣó okùn ló sáré kọjá nǹkan bí 340 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe ìwọ̀n eré ìró. Àrá kékeré ni mo ń sán lágbàlá láìmọ̀. Ọta AK-47 náà ń ṣe é. Nǹkan bí 715 ni tiẹ̀. Nítorí náà, “ọkọ̀ òfurufú” ò yẹ nínú orúkọ náà.

Ẹnì kan lè ní Ṣàngó ló ni àrá. Ó dáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí mànàmáná mú gbóná, tó sì wú lójijì, ni àrá ojú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ tí nǹkan tì lójijì náà ni tiwa.

“Àrá-eré” ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú wá. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín: “Àrá tó ń ṣeré?” Ó gbá mi mú. Mo wá fi “àrá ìsáré” síwájú yín, kí ohun tó ń sán an jẹ́ “asáréju-ìró”. Ẹni tó bá ní “ìsáré” ti gùn jù, kó mú tiẹ̀ wá. “Eré” nìkan ni kó má dá padà fún mi.