Mo fọ fọ́tò Bàbá, ilà ojú wọn bá ìdọ̀tí lọ

Onífọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.

Ìdílé kan gbé iṣẹ́ ìsìnkú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ajé. Fọ́tò kan ṣoṣo ni wọ́n rí tí Bàbá dá yà, dúdú àti funfun ni, ẹnì kan kọ 1974 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ìwé náà ti sán káàkiri, òjò ti pa á nígbà kan, àbàwọ́n rẹ́súrẹ́sú sì gba orí fìlà Bàbá wá sí àgbọ̀n. Ọmọ wọn obìnrin fi fóònù yà á, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n fẹ́ bánà ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 6, ìwé ètò ìsìnkú, àti férémù tí wọ́n máa gbé síwájú pósí.

Mo ṣí i nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, mo jókòó tì í mọ́jú. Mo lo Dust & Scratches, mo lo Surface Blur tó ń mú ojú fọ́tò dán, mo tún fi Healing Brush, tó ń fi ibi tó mọ́ bo ibi tó bàjẹ́, rin gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú Bàbá ń dán bí ojú ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa. Inú mi dùn, mo fi ránṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù mi dún. Àbúrò Bàbá, ìyá àgbà kan, ló já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ: "Ìwọ ọmọ yìí, àbàjà ẹ̀gbọ́n mi dà? Ta lo gbé wá fún wa yìí?"

Mo padà wò ó. Àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin ni Bàbá kọ, mo ti nù ún nù pátápátá.

Ọmọṣẹ́ mi ní ká fi brush ya ilà náà padà. A yà á, ó dà bí ìgbà tí ọmọdé fi tìróò ṣeré. Mi ò sì lè padà sẹ́yìn, torí mo ti flatten rẹ̀ (mo ti pa gbogbo layer, ìyẹn ìpele tí a tò léra wọn, pọ̀ di ọ̀kan), mo sì save é lé ti àkọ́kọ́ lórí.

Wàhálà kejì: mo gbé bánà sí 300 pixel (ẹyọ àmì tó para pọ̀ di fọ́tò) fún íǹṣì kan, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Tí mo bá ti ṣí i, laptop á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú, á wá ní scratch disks are full, pé àyè tí Photoshop ń yá lórí disk fi ṣiṣẹ́ ti kún. RAM 8 GB ni, hard disk 500 GB, àmọ́ 6 GB péré ló ṣẹ́ kù lórí C:. Òní ti di Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú.

Tẹ̀wétẹ̀wé Ṣómólú

Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti bánà kúrò nílẹ̀, òun ló rọrùn jù. Ta ló ní kó o gbé ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 6 sí 300? Ṣírò ó wò: íǹṣì 120 lọ́nà 300 jẹ́ 36,000 pixel, íǹṣì 72 lọ́nà 300 jẹ́ 21,600. Sọ wọ́n di púpọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 777 pixel. Ní RGB (àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù), layer kan ṣoṣo ti ju 2 GB lọ, o ò tíì kọ orúkọ olóògbé síbẹ̀ o. PSD, irú fáìlì tí Photoshop fi ń tọ́jú iṣẹ́, gan-an kì í gbà ju 30,000 pixel lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àfi kó o fi pamọ́ bíi PSB, ti iṣẹ́ ńlá.

Òkèèrè lèèyàn ti ń wo bánà, kò sẹ́ni tó ń fi imú kàn án. 72 ti tó. Èyí tí àwọn àlejò máa dúró níwájú ẹ̀ ya fọ́tò, mo máa ń fún un ní 100. Ní 72, tìrẹ á di 8,640 sí 5,184, layer kan ò ní ju nǹkan bí 134 MB lọ. Laptop rẹ á mí. Fi 300 sílẹ̀ fún ìwé ètò àti férémù.

Tí Photoshop bá tún kọ̀ tí kò ṣí, di Ctrl àti Alt mú pọ̀ bó ṣe ń ṣí bọ̀, á bi ọ́ pé ibo lo fẹ́ kí scratch disk wà. Fún un ní D: tí àyè bá wà níbẹ̀. Má fún un ní flash o. Ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, flash náà gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Tó o bá wọlé tán, lọ sí Preferences, Performance, kó o dín History States, iye ìgbésẹ̀ tó o lè padà sẹ́yìn, kù láti 50 sí 20. Ní File Handling, sọ fún un pé kó máa tọ́jú recovery ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, torí àwọn oníná kì í dágbére fún wa kí wọ́n tó mú un.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí: kẹ́ ẹ tó fi ìwé ètò ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin ará, ẹ embed font (ẹ fi irú lẹ́tà tẹ́ ẹ lò pamọ́) sínú PDF, tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ ńlá ńlá di shape. Ẹ máa ń gbé font tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà wa wá, "Ọ" àti "Ṣ" tó wà nínú orúkọ olóògbé á di àpótí, ìdílé á ní tẹ̀wétẹ̀wé ló ba òkú àwọn jẹ́.

Ti ilà, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ dúró de Ìyá Ìbejì.

Ọmọ Tech

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ ju fọ́tò náà sínú AI, ìṣẹ́jú kan ó ti parí, á tiẹ̀ fi àwọ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì Retouch

Ọmọ Tech, mo ti gbé ti ìyá mi àgbà sínú ọ̀kan rí. Ó yọ pélé wọn, ó fún wọn ní eyín tuntun, ó wá sọ gèlè di fìlà. Ọmọ mi béèrè pé ta ni. Tó bá jẹ́ ògiri ẹ̀yìn lo fẹ́ kó tún ṣe, kò burú. Ojú èèyàn ni mi ò lè gbé fún un.

Onífọ́tò, pẹ̀lẹ́. Ohunkóhun tó bá tín-ín-rín tó sì yàtọ̀ sí ohun tó yí i ká ni Dust & Scratches ń gbé mì. Kò mọ àbàjà yàtọ̀ sí ibi tí ìwé ti sán. Ìwọ lo máa mọ̀ ọ́n fún un.

Dìde báyìí, lọ gba ìwé fọ́tò náà gan-an lọ́wọ́ wọn. WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kó lè yára rìn, ohun tó dé ọwọ́ rẹ ti kéré sí ohun tí ọmọ yẹn yà. (Tó bá di dandan lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi Document.) Fi scanner gbé e ní 600, ní àwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè ìdí. Ṣí Channels, níbi tí pupa (Red), ewé (Green) àti búlúù (Blue) inú fọ́tò wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó o wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú Blue, àbàwọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn á dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nínú Red, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Red yẹn ni kó o mú, kó o fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ni mo dìde lórí àga. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi Clone Stamp, tó ń da ibi kan kọ sórí òmíràn, ha àbàwọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà, fi ojú rẹ ya ilà sọ́tọ̀. Ibi tí ìwé sán kì í mọ ibi tí ojú èèyàn parí sí: á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, á gun etí, á bọ́ sára ògiri. Ilà kì í jáde kúrò lójú, ó sì ní ẹlẹgbẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Sún un mọ́ra kó o wò ó: ibi tó sán á funfun gbáú, torí ìwé ló yọjú. Ilà ti jinná sínú awọ, ìmọ́lẹ̀ wà ní bèbè rẹ̀ kan, òjìji wà ní ìkejì. Ìdí nìyẹn tí èyí tẹ́ ẹ fi brush yà fi dà bíi tìróò. Má sì tìtorí pé ọ̀tún mọ́ kó o gbé e yí padà sí òsì, ìmọ́lẹ̀ ò bá wọn dọ́gba.

Fi Lasso, tí a fi ń fa ìlà yí ibi tí a fẹ́ yàn ká, yí àwọn ilà ká, feather rẹ̀ (jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀) díẹ̀, Select, Save Selection, kó o sọ ọ́ ní "ila". Wá ṣí layer tuntun tó ṣófo, gbé Healing Brush, kó o yan Current & Below níbi Sample. Orí layer yẹn ni gbogbo àtúnṣe á máa bọ́ sí, ti àkọ́kọ́ á wà níbẹ̀ bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀. Tó o bá ṣì fẹ́ lo Dust & Scratches lára aṣọ tàbí ògiri, Ctrl+J ni kó o kọ́kọ́ tẹ̀ lórí layer fọ́tò kó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, lo filter náà lórí ẹ̀dà yẹn, kó o di Alt mú bó o ṣe ń tẹ àmì mask (ìbòjú layer: ibi tó dúdú ò ní hàn, ibi tó funfun á hàn) kó lè dúdú, wá fi brush funfun ṣí ibi tó nílò rẹ̀. Kó o tó sún mọ́ ojú, load "ila" lórí mask náà, kó o kun ún ní dúdú.

Abẹ́òkúta ni bàbá mi ti ya fọ́tò, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń tún negative ṣe nígbà náà. Tí oníbàárà bá wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ bi í léèrè ilà tí ẹni náà kọ, wọ́n á kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé owó. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Onífọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an, màámi. Ẹ ṣeun, ọ̀gá Ṣómólú, bánà ti lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní 100, laptop ò tiẹ̀ húkọ́. Red channel yẹn ya mí lẹ́nu, ọmọṣẹ́ mi pariwo nígbà tó rí i.

Mo gbé laptop lọ bá ìyá àgbà fúnra mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n fi ìka ka ilà náà lójú screen, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, wọ́n ní ó pé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní àpá kan wà lókè ìpéǹpéjú òsì, pé ẹ̀gbọ́n àwọn ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tó gbé àwọn lọ sọ́jà, pé ṣé mo nu ìyẹn náà ni. Mo ti padà ṣí scan náà báyìí, mo ń wá a.