Màmá tó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ gbogbo ilé: ṣé ìwà ni, àbí nǹkan ń ṣe wọ́n?

Télọ̀ Ìsàlẹ̀-Afọ́n:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìsàlẹ̀-Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, la háyà ilé sí. Àwọn yàrá dojú kọ ara wọn, kíṣìnì kan ló wà lẹ́yìn, kàǹga kan, okùn aṣọ kan. Yàrá iwájú ni mo ti ń ránṣọ. Ẹni tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tèmi gan-an ni màmá kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ẹlẹ́lùbọ́, torí èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Jagun kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Ọkọ wọn ti kú. Ọmọ wọn ọkùnrin àgbà wà n'Íbàdàn, àwọn yòókù wà l'Ékòó.

Láti ìgbà tí a ti kó dé ni Màmá ti máa ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bí oníbàárà bá wọlé tọ̀ mí, kó tó jáde, wọ́n á ti bi í ní ọmọ ẹni tó jẹ́, ibi tọ́kọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, iye tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ṣí ìkòkò mi lórí iná: “Ìyá Fèyí, ṣé pọ̀nmọ́ nìkan lẹ fẹ́ fi jẹ láfún yìí ni?” Bí ọkọ mi bá pẹ́ kó tó ti Ìlọrin dé, àárọ̀ ni wọ́n á bi mí ohun tó dá a dúró. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ àgbà ni wọ́n. Lóru tí gìrì mú Fèyí, àwọn ni wọ́n gbọ́ igbe mi, tí wọ́n sáré wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ wọn lọmọ náà wà títí a fi dé ilé ìwòsàn. N kò lè gbàgbé ìyẹn.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kí àkùkọ tó kọ, Màmá á ti máa gbálẹ̀ àgbàlá. Wọ́n á wá dúró lójú fèrèsé mi, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa wo inú ilé. Fèyí tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mọ owó, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é báyìí, orúkọ ọmọ wọn obìnrin tó kú ní kékeré. Wọ́n ká aṣọ gbogbo ilé lórí okùn, wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n tò ó sábẹ́ ibùsùn wọn. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n da iyọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi wa, omi náà ò ṣeé mu.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti aṣọ òfì. Oníbàárà mi kan kó sányán wá, aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi ṣe ìyàwó, pé kí n tún un rán fún ìgbéyàwó ọmọ òun. Mo wá a títí, n kò rí i. Inú àpótí Màmá la ti bá a, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n ju káńfọ̀ sáàárín rẹ̀. Mo ní, “Màmá, aṣọ oníbàárà mi rèé.” Wọ́n ní aṣọ ìyàwó àwọn ni, bàbá àwọn ló rà á fáwọn. Wọ́n bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n figbe ta pé mo jí owó àwọn. Ìsàlẹ̀ àpò èlùbọ́ wọn la ti rí owó náà.

Àwọn ará ilé ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ìyàwó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ní ẹni tó ń gbálẹ̀ lóru kì í ṣe èèyàn lásán, kì í jẹ́ kọ́mọ rẹ̀ kọjá níwájú wọn mọ́. Onílé ní òun á kó ẹrù wọn síta kí ilé òun má bàa bàjẹ́ lẹ́nu èèyàn. Ọkọ mi ní ká kó lọ. Èmi ò fẹ́ kó lọ, ibí yìí làwọn oníbàárà mi mọ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ burúkú pe àgbàlagbà tó gbé ọmọ mi pọ̀n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dáàbò bo aṣọ oníaṣọ? Báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ wọn, tí kò fi ní jọ pé mò ń bú ìyá wọn?

Ọmọ Ìjẹ̀rù:

Ìyá Fèyí, ẹ kú ìfaradà. Tèmi ò gùn. Ẹ ra àgádágodo tó lágbára sí ìsọ̀ yín. Ẹ má jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Iyọ̀ nínú omi, ká máa fi orúkọ òkú pe ọmọ alààyè, èmi ò lè fojú kékeré wo irú ẹ̀. Ẹ gbé ọmọ yín lọ síbi àdúrà, bí Bàbá Fèyí bá sì ní kẹ́ ẹ kó, ẹ kó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ọmọ Ìjẹ̀rù, àdúrà dára, ti àgádágodo náà dára. Ìyókù ni n kò bá ẹ gbà.

Ìyá Fèyí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, mo ti rí i lára àwọn arúgbó tí àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dementia ń ṣe. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni Alzheimer, orúkọ dókítà ará Jámánì tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá máa ń sọ nù, ti ogójì ọdún sẹ́yìn á wà níbẹ̀ digbí. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú ló máa ń le sí i fún ọ̀pọ̀ wọn, oorun òru á dàrú. Ẹni tó fi owó pamọ́, tó sì gbàgbé ibi tó fi í sí, olè ni yóò pe ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ jù. Ẹ̀yin lẹ wà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni. Ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, pẹ̀lú àwọn elégbẹ́ wọn ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 wò ní 1992. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tí kò tíì ní in, bí ẹnì kan péré ni Alzheimer ń mú lọ́dún kan n'Íbàdàn, ó sì ju méjì lọ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, àmọ́ ó wà láàárín wa. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò náà, kì í ṣe arúgbó nìkan ni wọ́n bi ní ìbéèrè, wọ́n ń bi ẹni tó sún mọ́ ọn pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ojú yín rí fi ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó ò rí i. Lórí fóònù, Màmá á dáhùn dáadáa, wọ́n á tún ṣàdúrà fún wọn.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Dementia máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ṣàdédé le sí i, ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn nínú ìtọ̀, àìmu omi tó, oògùn tuntun, tàbí pé wọ́n ṣubú tí wọ́n sì forí gbálẹ̀. Dókítà lè wo ìyẹn sàn. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò. Ilé ìwòsàn Bàbítíìsì tó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, tó ti di BUTH (ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen) báyìí, ò jìnnà sí yín. Fún ọmọ tó wà n'Íbàdàn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ní ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè, tí wọ́n ṣí ní 2012.

Akọ̀wé Kóòtù:

Ẹ sọ fún ìyàwó yàrá ẹ̀yìn kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Abala 210 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ka pípe èèyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè sọni sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Onílé náà, ìwé ìkìlọ̀ àti kóòtù ni ọ̀nà tó lè fi gba ilé rẹ̀. Kò láṣẹ láti kó ẹrù ayálégbé síta.

Àkànní Akẹ̀sán:

Mo ka ọ̀rọ̀ yín, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Igbá fínfín ni wọ́n ń tà ní Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́ ńbí, kí àìsàn yìí tó mú wọn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí Màmá yín ń ta èlùbọ́, ìgbà wo ni wọ́n ń jí? Ọlọ́jà tó fẹ́ bá ọjà àárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti gbálẹ̀ tán. Iyọ̀ ńkọ́? Ṣé omi kàǹga yín kì í dọ̀tí ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn? Álọ́ọ̀mù ni àwọn ìyá wa máa ń dà sí i kó lè tòrò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi yín ni wọ́n ń tún ṣe. Èmi náà bá ìyá mi jà gan-an kí n tó rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré ni wọ́n ń ṣe, àkókò rẹ̀ ló dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ má bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá pe Fèyí ní Àbẹ̀kẹ́, ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ fún yín. Aṣọ oníbàárà, inú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́, kò gbọ́dọ̀ sùn lórí tábìlì. Ẹ kó àjákù aṣọ fún wọn nínú agbọ̀n, kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ, ọwọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ á rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ gbé ìṣáná àti kẹrosíìnì kúrò ní kíṣìnì lóru. Ẹ̀yin sì ni télọ̀: ẹ rán nọ́ńbà fóònù ọmọ wọn mọ́ inú ọrùn bùbá wọn, gbogbo bùbá. Ìyá mi rìn títí dé ọ̀nà Awẹ́ lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà yẹn ni ọlọ́kadà tó rí wọn fi pè mí.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀-Afọ́n:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá. Mo pe Bọ̀dá n'Íbàdàn. N kò mẹ́nu kan aṣọ, n kò mẹ́nu kan owó. Mo ní, “Bọ̀dá, Màmá ò sùn lóru mọ́, ẹ̀rù wọn ń bà mí.” Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé, a jọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Màmá, ó tún kọjú sí mi, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo rí látìbẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àrùn wà nínú ìtọ̀ lóòótọ́. Látìgbà tí wọ́n ti lo oògùn rẹ̀, wọn ò dúró lójú fèrèsé lóru mọ́. Àmọ́ Àbẹ̀kẹ́ ni Fèyí ṣì ń jẹ́, dókítà sì ti kọ ìwé kí wọ́n lọ rí wọn ní UCH.

Bọ̀dá Àkànní, mo bi Màmá nípa iyọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Omi yín ti dọ̀tí jù, álọ́ọ̀mù ni mo fi sí i, ẹ ò sì dúpẹ́.” Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ti rán nọ́ńbà mọ́ gbogbo bùbá wọn. Ọmọ-ọmọ wọn kan tó parí girama ń bọ̀ wá bá wọn gbé. Bọ̀dá ti bá onílé sọ̀rọ̀, kò sọ ti ẹrù síta mọ́. Ìyàwó yàrá ẹ̀yìn ṣì ń fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, àmọ́ mo ti ka abala yẹn sí i létí. Ti bíbèèrè iye tí mo gbà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n ṣì ń bèèrè, mo sì ti ní káwọn oníbàárà máa dá wọn lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ká kó gbogbo oògùn tí Màmá ń lò dání lọ sí UCH. Màmá ní àgbo orúnkún kan tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ alágbo. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ó wà nínú ẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì bi alágbo náà ohun tó fi sí i kẹ́ ẹ tó lọ. Àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti èyí tí wọ́n bá ń rà ní kẹ́míìsì fún oorun. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ lẹ ti ń rí àyípadà náà, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn.