Omi rẹdiétọ̀ ń tú jáde nínú ọkọ̀ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Móyọ̀ (Lugbe): Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti fẹ́ sọ mí di aláìsàn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Galadimawa ní Àbújá níbí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ike ẹ̀gbẹ́ rẹdiétọ̀, á sì ru sílẹ̀ bí ìkòkò ògì. Lánàá, àwọn tó ń ta gálà ń pariwo tẹ̀ lé mi, "Hajiya, ruwa na zuba!" (omi ń dà sílẹ̀). Ojú tì mí.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un ṣe ti gba owó lọ́wọ́ mi títí. Ó ní ìdérí rẹdiétọ̀ ni, mo ra òmíràn. Ó ní rẹdiétọ̀ ti dí, a fi tòkunbọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún ní wọ́tà pọ́ǹpù ni. Báyìí ó ní kí n mú owó fáànù wá! Owó ilé-ìwé ọmọ ni mo ń ná. Bàbá Móyọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Maiduguri, ó ní kí n tà á. Ta ni yóò rà á bẹ́ẹ̀? Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa kò tilẹ̀ lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jókòó síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Rewáyà (Kubwa): Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Irú ọkọ̀ wo ni? Ọdún wo? Ṣé abẹ́rẹ́ ìgbóná máa ń gòkè, àbí àárín ló ń dúró sí? Tí ẹ bá tan AC, ṣé fáànù ń yí? Ẹ ò sọ ìkankan nínú wọn.

Alàgbà (Karu): Peugeot 504 mi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jẹ́bbà nígbà tí mò ń lọ sílé ọdún Iléyá. Ọmọ tó ń bá mi wakọ̀ sáré ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná, omi bó o láti ojú dé àyà. Ilé ìwòsàn la ti ṣọdún. Màmá, ẹ má ṣí i tó bá gbóná, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dúró títí ẹ ó fi lè gbọ́wọ́ lé rọ́bà òkè rẹdiétọ̀ láìjó yín.

Ìyá Móyọ̀: Ẹ ṣé, sà. N kì í ṣí i, inú ike ni mo máa ń bu omi sí. Toyota Camry ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ti ọdún 2004. Ẹ má sọ pé ó ti gbó o, òun ló ń bọ́ wa.

Ọmọ Ìlọrin (Gwarinpa): Kí wọ́n yọ tẹmositáàtì dànù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ooru ibí kò fẹ́ ẹ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ ti Golf mi.

Bọ̀dá Rewáyà: Àbúrò, ìmọ̀ràn tó ń ba ọkọ̀ jẹ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n kan kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ti Camry yẹn, nǹkan bíi ìwọ̀n 82 ti Celsius ni tẹmositáàtì rẹ̀ ń ṣí. Tí o bá yọ ọ́, á pẹ́ kó tó gbóná, á sì máa mu epo. Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti kú, ẹ ra tuntun.

Ọmọ Ìlọrin: Ẹ̀gbọ́n, ìwé lẹ̀ ń kà. Èmi ń wa tèmi lọ Mínná, kò gbóná rí.

Alhaja Aláṣọ (Wuse): Ẹ̀ ń jà, ẹ fi obìnrin sílẹ̀. Ìyá Móyọ̀, ṣé omi lásán lẹ̀ ń bù sí i? Omi lásán ló ń mú ìpẹtà wọnú rẹdiétọ̀. Ẹ ra kúláǹtì, omi olóògùn tí wọ́n ń dà sínú rẹdiétọ̀! Kí ló dé tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣeré?

Ìyá Móyọ̀: Alhaja, omi borehole ni, ó mọ́ kedere. Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta kúláǹtì báyìí? Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Galadimawa ni yóò mu ún, kí ni mo fẹ́ rà á fún?

Bàbá Ìbejì (Nyanya): Páúdà kan wà tí wọ́n ń dà sínú rẹdiétọ̀, á dí ihò tó ń jò.

Bọ̀dá Rewáyà: Ẹ má dà á o, á dí ojú ọ̀nà omi pẹ̀lú.

Màmá, ẹ gbọ́ mi. Kí omi lọ sínú ike tí ọkọ̀ bá gbóná kì í ṣe àìsàn. Ìdérí rẹdiétọ̀ ló ń fi agbára dé omi mọ́nú kó má tètè hó. Tí agbára inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, á jẹ́ kí díẹ̀ bọ́ sínú ike. Tí ọkọ̀ bá tutù, á fà á padà. Ìdí nìyẹn tí ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi wà lára ike. Tí ẹ bá bu omi dé ẹnu rẹ̀ láàárọ̀, dandan ni kó tú. Ṣùgbọ́n ẹ ní ó ń hó, ìyẹn yàtọ̀. Lọ́la, kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń rú jáde nínú omi.

Ìyá Móyọ̀: Mo ti wò ó láàárọ̀ yìí. Ó ń rú, kò dáwọ́ dúró. Fáànù ń yí dáadáa. Abẹ́rẹ́ máa ń gòkè, àmọ́ tí mo bá ti pa AC, á sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe ń ṣe kí wọ́n tó ṣí i lóṣù Kejìlá gan-an nìyí, a sì rò pé ó ti tán.

Bọ̀dá Rewáyà: Kí wọ́n tó ṣí kí ni?

Ìyá Móyọ̀: Tọ́ọ̀pù, orí ẹ́ńjìnnì. Bàbá Móyọ̀ ń wà á lọ Kàdúná, ó gbóná lọ́nà, ó sì wà á débẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ọ̀nà yẹn kò ṣe é dúró sí. Wọ́n pààrọ̀ gáásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí abẹ́ rẹ̀ kó má jò. N ò mẹ́nu bà á torí wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ má dá ọkọ mi lẹ́bi o.

Alàgbà: Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ẹ̀mí ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ìyá, òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ!

Bọ̀dá Rewáyà: Ṣé wọ́n gbé tọ́ọ̀pù yẹn lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ha á kó lè tẹ́jú? Ṣé wọ́n ra bóòtù tuntun?

Ìyá Móyọ̀: Sándípépà ni mo rí i tó fi ń ha á. Bóòtù ti tẹ́lẹ̀ ló dá padà, ó ní wọ́n ṣì le.

Bọ̀dá Rewáyà: Ẹ má ra fáànù. Tọ́ọ̀pù tó bá ti gbóná bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀, sándípépà kò sì lè mú un tẹ́jú. Èéfín ẹ́ńjìnnì á máa gba ibẹ̀ wọnú omi, òun ló ń rú yẹn, òun náà ló ń ti omi jáde. Ohun mìíràn tún wà: ẹ́ńjìnnì 2.4 ti Camry ọdún 2002 sí 2006, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ kí bóòtù tọ́ọ̀pù já ojú ìlà rẹ̀, ibi tó ń yí wọ̀, nínú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí tọ́ọ̀pù jókòó lé. Tó bá jẹ́ ìyẹn, gáásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá kò ní mú un dúró, àfi tí wọ́n bá tún ojú ìlà náà ṣe. Ẹ wá ẹni tó ní omi búlúù tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rẹdiétọ̀. Tí èéfín bá wà níbẹ̀, á di yẹ́lò. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì náà wò, tó bá ti funfun, omi ti wọ ọ́ìlì nìyẹn.

Ọmọ Ìlọrin: Síbẹ̀, kí wọ́n yọ tẹmositáàtì.

Ìyá Móyọ̀: Ọ́ìlì ṣì dúdú, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ṣì lè fi gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé lọ́la? Tí n bá pa AC ńkọ́?

Bọ̀dá Rewáyà: Rárá, màmá.

Alhaja Aláṣọ: Rárá o!

Ìyá Móyọ̀: Mo ti gbọ́. Oníkẹ̀kẹ́ NAPEP kan ní àdúgbò wa yóò gbé wọn. Mo pe mẹkáníìkì náà, ó ní kò sóhun tó ń jẹ́ omi búlúù, ó tún bi mí nípa owó fáànù. N ò dá a lóhùn. Ta ló mọ ẹni tó ní in níhà Lugbe tàbí Gwagwalada, tó lè wá bá mi nílé?