Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá àti Faransé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Tí wọ́n bá pè é, á kàn máa ká etí ìwé rẹ̀. Lánàá mo rọra bi í pé, "Mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta ńkọ́?" Kí n tó panu dé, ó ti ní "Méjìlá!" Ọmọ yìí mọ ìṣirò! Ṣùgbọ́n olùkọ́ ní kí n má bá a sọ Yorùbá mọ́. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́nà, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí ni kí n sọ fún olùkọ́?