CV mi kò mú èsì kankan wá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Pàkátà:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi ni mo ṣe gbé e wá síwájú yín. Mo gba HND nínú ìmọ̀ SLT, ìyẹn iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń fi CV ránṣẹ́ kiri, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo kò dá mi lóhùn. Owó gidi ni mo san fún ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó fi fọ́tò mi sókè, ó sì to gbogbo ọ̀rọ̀ sínú àpótí aláwọ̀ búlúù tó dùn ún wò. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí mo máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún nígbà tí a jọ wà ní pólì ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ohun mímu kan níbí ní Ìlọrin. Màmá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ṣé ẹni tí kò bá mọ ẹni ńlá kò lè ríṣẹ́ mọ́ ni?

Bàbá Ọmú-Àrán:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. O ṣàlàyé àwọ̀ àti fọ́tò, o kò sọ ohun tí o kọ sínú ìwé náà. Mo yẹ ìwé ìwáṣẹ́ wò títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí à ń wá kò sì ju pé kí ni ẹni yìí ti ṣe, níbo, nígbà wo, àti pé ṣé ó bá iṣẹ́ tí a kéde mu. Irú iṣẹ́ wo ni ò ń wá gan-an?

Ìyá Ìbejì Tankẹ:
Bàbá, ẹ má bínú, ayé ti yàtọ̀ sí ti ìgbà yín. Àbúrò ọkọ mi kọ CV títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀ ni wọ́n tó gbà á. Ẹni mímọ̀ ló kù.

Ọmọ Ọ̀fà:
Àǹtí, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ náà yóò ṣì béèrè CV lọ́wọ́ yín. Àbúrò, yọ àwọn àpótí búlúù yẹn kúrò. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ka CV kí èèyàn tó kà á, àpótí àti tábìlì sì lè da kíkà náà rú. Lo lẹ́tà tó mọ́lẹ̀, má jẹ́ kí ó ju ojú ìwé méjì lọ, kọ iṣẹ́ tí o ṣe kẹ́yìn ṣáájú, kí o sì fi PDF ránṣẹ́ àfi tí wọ́n bá ní irú èyí tí wọ́n fẹ́.

Ọmọ Pàkátà:
Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ yòówù tó bá yọjú ni mò ń wá, ìbáà ṣe báǹkì, ilé ìwé tàbí ọsibítù, CV kan náà ni mo sì ń lò nítorí pé owó ni wọ́n ń gbà láti tún un tẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ṣe nígbà àgùnbánirọ̀ nìkan ni mo kọ sábẹ́ ìrírí. Mo ṣe ọdún mẹ́ta ní iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan lọ́nà Ajàṣẹ́-Ìpo, èmi ni mo ń yẹ omi wò láràárọ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sí i, nítorí pé wọn kò fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Bàbá Ọmú-Àrán:
Iṣẹ́ tí o kọ́ gan-an ni o fi pa mọ́ yẹn! Kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà àti ọdún tí o lò níbẹ̀, kí o wá kọ báyìí sábẹ́ rẹ̀ nípa pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí: “Mo ń wọn pH omi láràárọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, mo sì ń rí i dájú pé ó wà láàárín 6.5 sí 8.5 tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ fún omi mímu.” Tí o bá ń ṣàkọsílẹ̀ èsì àyẹ̀wò, tàbí tí o wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn NAFDAC wá yẹ iléeṣẹ́ wò, kọ ọ́. Èyí tí o kò bá ṣe, má kọ ọ́ o.

Ìyá Ìbejì Tankẹ:
Wọn yóò béèrè lẹ́tà. Kí ni yóò fi hàn wọ́n?

Bàbá Ọmú-Àrán:
Ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Kí ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà:
Àbúrò, ímeèlì ta ló wà lórí CV yẹn?

Ọmọ Pàkátà:
Ti ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ni. Òun náà ló ń bá mi fi ránṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ páásìwọ́ọ̀dù máa ń dà mí láàmú. Nọ́ńbà màmá mi ni mo sì fi sí i. Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, ì bá ti sọ fún mi tí èsì bá wọlé.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ọmọlúàbí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mélòó ni èèyàn tó ń bá fi ìwé ránṣẹ́? Lọ bá a lọ́la, jókòó tì í, kí ó fi orúkọ rẹ wá inú ímeèlì náà, kí ó sì ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Spam pẹ̀lú, níbi tí ímeèlì máa ń da àwọn ìwé tó bá fura sí sí. Lẹ́yìn náà, ṣí ímeèlì tìrẹ lórí fóònù rẹ, kí o fi orúkọ rẹ gan-an ṣe é.

Ìyá Ìbejì Tankẹ:
Bi màmá rẹ náà léèrè bóyá nọ́ńbà tí kò mọ̀ ti pè é rí. Tí o bá rí ìwé ìpè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà, ní ìlà mélòó kan, kí o sọ pé ìwé wọn kò tètè dé ọwọ́ rẹ, kí o sì béèrè bóyá àyè náà ṣì ṣí sílẹ̀.