Imú ń gbọ́, ahọ́n ń wò: lórí «gbóòórùn» àti «ìfimúmọ̀»

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu dábàá pé kí a pa «gbóòórùn» tì nínú ìwé tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé, kí a sì fi «ìfimúmọ̀» rọ́pò rẹ̀, nítorí pé etí ni a fi ń gbọ́ràn, imú kò sì ní etí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún làálàá wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àbá náà.

Bí a bá ní kí «gbọ́» kúrò nídìí imú torí pé ti etí ni, a ní láti yọ «wò» náà kúrò lára «tọ́wò», nítorí pé ojú ni ó ń wòran, ahọ́n kò sì lójú. Kí ni a óò wá sọ fún ẹni tó fọwọ́ kan aṣọ wò, tàbí tó gbóòórùn ọbẹ̀ wò? Àwọn baba wa kò há ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí mọ́ ẹ̀yà ara kan ṣoṣo. «Gbọ́» ni kí nǹkan dé ọ̀dọ̀ ẹni kí ó sì yé e, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ èdè. «Dùn» náà kò yàtọ̀: oyin dùn, ìlù dùn, òórùn dùn, ọgbẹ́ náà a sì máa dunni. Ẹni tó bá ka èyí sí àléébù, kí ó wo Faransé tí a fi kọ́ wa níléèwé: «sentir» kan náà ni wọ́n fi ń gbóòórùn, òun náà ni wọ́n fi ń mọ nǹkan lára. (Àwọn Ègùn aládùúgbò wa tilẹ̀ jù wá lọ, nítorí «owanyi» tí wọ́n ń pe ìfẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ń tú u sí gbígba òórùn ẹni.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n wa ní tòótọ́ ni ibi tí imú àti ẹnu ti pàdé. Ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn, kíkan, iyọ̀, kíkorò àti adùn irú tàbí ti omi ẹran lọ. Púpọ̀ nínú ìyókù jẹ́ òórùn tó gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sínú imú bí a ti ń jẹun. Nítorí náà ni ọbẹ̀ ṣe ń tẹ́ lẹ́nu ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú. Ẹni tó fọwọ́ bo imú níwájú igbá irú ní ọjà Ouando ni yóò kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ bí ọbẹ̀ bá dé láìsí i. Ojú pàápàá ń dá sí i: lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ Faransé kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn po aró pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, akẹ́kọ̀ọ́ wáìnì 54 ní Bordeaux sì fi ọ̀rọ̀ wáìnì pupa ṣàpèjúwe òórùn rẹ̀. Ata ni n kò kà mọ́ àwọn ohun tí ahọ́n ń tọ́ wò, nítorí pé ó ń ta ni, lẹ́nu, nímú àti lójú, bí àkekèé ti ń ta.

«Adùn» kò tó láti fi pe ibi tí imú àti ẹnu ti pàdé yìí, nítorí ewúro ní tirẹ̀ láìdùn. Mo dábàá «ìtọ́wò tẹnu-timú», bí a ti ń sọ «tọkọ-taya» àti «tọwọ́-tẹsẹ̀», kí «ìtọ́wò» lásán máa jẹ́ ti ahọ́n. «Ìfimúmọ̀» kò ní láti ṣòfò: a lè fi pe iṣẹ́ ẹni tó ń fi imú yẹ epo tàbí sódàbì (ọtí ògógóró) wò kí ó tó rà á. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé «tẹnu-timú» rọ̀ yín lẹ́nu? Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ jẹ́ kí a fi àmì sí «òórùn» dáadáa nínú ìwé náà, kí ọmọ má baà kà á sí oòrùn tàbí oorun.