Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ìrìn àjò Odò Gambia

Ẹ kú ilé o. Èmi àti màmá mi, ẹni ọdún 68, fẹ́ lọ sí Gambia nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù Kejì. A fẹ́ gba orí odò láti Banjul, olú ìlú wọn, dé Janjanbureh, ìlú kan lókè odò náà, ká wá gba ojú títì padà. Erékùṣù Kunta Kinteh ni màmá fẹ́ rí jù. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún wọn nípa àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wọn. Ní tèmi, àwọn òkúta Wassu tó dúró yípo níbi ibojì àwọn ará àtijọ́ ni, àti erinmi. Ti àwọn ìnàkí tó wà ní erékùṣù inú odò náà, mo ti mọ̀ pé inú ọkọ̀ lèèyàn ti ń wò wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí àlejò sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù wọn.

Orúnkún ń dun màmá gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé wíwọ ọkọ̀ àti sísọ̀kalẹ̀ kò ní ni wọ́n lára? Ọjọ́ mélòó ló tó lórí omi? Àbí ká kúkú gba títì lọ, ká wọ ọkọ̀ ojú omi ní Janjanbureh nìkan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, mi ò fẹ́ kó rẹ̀ wọ́n jù.